Apẹ̀rẹ̀ Ẹ̀bùn àti Èrè Inú Rẹ̀: Ìtàn Òwò Hámpà láti Kingsway dé Ọjà Ochanja

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ tọpa òwò kékeré kan tí gbogbo wa mọ̀, ṣùgbọ́n tí àwọn onítàn wa kì í sábà kọ nípa rẹ̀: òwò apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn, èyí tí àwọn ará ọjà ń pè ní hámpà. Ìdí tí a fi mú un ni pé ó ti wọ kíláàsì ẹ̀kọ́ òwò dídá sílẹ̀, níbi tí a ti máa ń fi wákàtí púpọ̀ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń so ríbọ́ọ̀nù. Èrò tiwa ni pé ríbọ́ọ̀nù kọ́ ló ń mú èrè wá. Tí a bá wo bí òwò náà ṣe dé ọwọ́ àwọn oníṣòwò kéékèèké ní ọjà bíi Ochanja ní ìlú Onitsha, a ó rí i pé ọjọ́ tí a ra ọjà àti ọjọ́ tí a tà á ló ń sọ ẹni tó jèrè.

Fífi apẹ̀rẹ̀ gbé ẹ̀bùn kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹni tó bá ti bá wọn ru ẹrù ìdána rí mọ apẹ̀rẹ̀ èso, oyin, orógbó àti atare. Ní Onitsha náà, ẹ̀bùn àti òwò ti jọ ń rìn tipẹ́. Ní 1857, nígbà tí Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoogùn, àti John Christopher Taylor gba Odò Ọya dé ibẹ̀, Obi Akazua gbà wọ́n lálejò, ó sì fún wọn ní ilẹ̀; ọdún yẹn kan náà ni Macgregor Laird dá ilé òwò sílẹ̀ níbẹ̀. Láyé ìgbà náà, oníṣòwò tó bá dé etí odò kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọba lọ́wọ́ òfo.

Ọ̀rọ̀ náà, hámpà, ló jẹ́ àjèjì. Láti inú èdè Faransé àtijọ́ ni ó ti wá, àpótí tí wọ́n ń kó ife sí ló sì ń tọ́ka sí níbẹ̀rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́ di apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ tí ènìyàn ń fi ránṣẹ́ nígbà Kérésìmesì. Àwọn ilé ìtajà ńlá ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Kingsway, tó jẹ́ ti UAC, ṣí ilé ìtajà rẹ̀ ńlá ní Marina, Èkó, ní 1948. UTC àti Leventis náà kò gbẹ́yìn. Ẹ rántí pé 1929 ni wọ́n dá UAC sílẹ̀, nígbà tí Niger Company, tó ti jọba lórí òwò Odò Ọya, da pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn. Àwọn kan náà tí wọ́n ń ra epo pupa létí odò ni wọ́n wá ń ta ẹ̀bùn Kérésìmesì nínú gíláàsì. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé ní àwọn ọdún 1970, hámpà di ohun tí báńkì àti kọngilá fi ń kí ènìyàn ńlá.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan yí. Ní oṣù kẹrin 1982, ìjọba Shagari dí ọ̀nà ọ̀pọ̀ ọjà òkèèrè. SAP tẹ̀lé e ní 1986, náírà sì ń já wálẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí Kingsway fi kógbá sílé. Ẹ̀bùn ọdún kò torí ìyẹn dáwọ́ dúró. Ó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ní ìsọ̀ kan ṣoṣo.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Onitsha, ìtàn ló sì fà á. Ogun abẹ́lé run ọjà ńlá ìlú náà ní 1968. Nígbà tí ogun parí ní 1970, ìjọba pinnu pé iye yòówù kí ènìyàn ti fi sí báńkì ní Biafra, ogún pọ́n-ùn péré ni yóò gbà. Ọ̀pọ̀ ló tún òwò bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà gòkè ni igba boi: ọmọ á sin ọ̀gá fún ọdún mélòó kan, ọ̀gá á wá fún un ní owó tàbí ọjà láti dá dúró. (Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ iṣẹ́ ló ń náwó fírídọ̀ọ̀mù. Ọ̀rọ̀ yẹn tó àpilẹ̀kọ mìíràn.) Ohun tí ọmọ ń kọ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni ibi tí páálí ti rọjú, ìgbà tí owó ọjà máa ń gun, àti ẹni tí ènìyàn lè tà fún láwìn. Ochanja, nítòsí Upper Iweka tí ọkọ̀ ti ń wọlé tí ó ń jáde, wà láàárín ẹni tó ń ta páálí àti ẹni tó fẹ́ ra ẹyọ kan. Àárín méjèèjì yìí ni èrè hámpà wà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Àpẹẹrẹ lásán ni iye owó tí a lò. Ká ní apẹ̀rẹ̀, ọjà inú rẹ̀, ọ̀rá, ríbọ́ọ̀nù àti owó ọkọ̀ jẹ́ ₦28,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a sì ń tà á ní ₦35,000. Ẹni tó di àádọ́ta ti ná ₦1,400,000. Bí ó bá ta ogójì, ₦1,400,000 náà ló wọlé. Ó ṣiṣẹ́ oṣù méjì, kò jẹ èrè kọ́bọ̀. Gbogbo èrè rẹ̀ wà nínú apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá tó ń wò ó lójú ní oṣù kìíní. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra páálí ní oṣù kẹsàn-án, tí ìyẹn fi ₦3,000 dín ìnáwó rẹ̀ kù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦1,250,000 ló ná. Ní apẹ̀rẹ̀ kẹrìndínlógójì, ojú owó rẹ̀ ti pé, bó bá sì ta ogójì, ₦150,000 ni èrè rẹ̀, láìka ọjà inú mẹ́wàá tó kù, tí ó lè tú tà lẹ́yọ lẹ́yọ bí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára agolo kò bá tíì kọjá. Nítorí náà ni wíwo ọjọ́ yẹn, àti nọ́ńbà NAFDAC, ṣe jẹ́ ara ìṣirò èrè. Bí a bá ní wákàtí mẹ́ta fún akẹ́kọ̀ọ́ NCE lórí iṣẹ́ yìí, kàlẹ́ńdà àti ìwé ìṣirò ni a ó fi méjì àkọ́kọ́ kọ́ wọn.

Rírà ṣáájú ní ewu tirẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá 2019, ọkọ̀ agbépo kan ṣubú ní Upper Iweka, iná sì ràn dé ọjà Ochanja. Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ kú, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ sì jóná. Ẹ wo oṣù tó bọ́ sí. Oṣù kẹwàá ni ẹni tó gbọ́n ti kó ọjà ọdún pamọ́, tí kò sì tíì ta ọ̀kan. Èyí ni a fi rò pé ó burú láti kọ́ ọmọ ní òwò yìí láì dárúkọ ìbánigbófò, tàbí ó kéré tán, pípín ọjà sí ibi méjì.

Àwọn mìíràn ń yẹra fún ewu yìí nípa gbígba owó oníbàárà díẹ̀díẹ̀ ṣáájú, bí ẹni ń dá àjọ. Ó dára, bí a kò bá fọwọ́ kan owó náà. Ní Bìrìtìkó, ilé iṣẹ́ Farepak ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ fún hámpà Kérésìmesì. Ní oṣù kẹwàá 2006 ó wó, owó àwọn ènìyàn tó lé ní 100,000 sì bá a lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn mẹ̀kúnnù. Kọ́bọ̀ oníbàárà kì í di tiwa kí ó tó gba apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ó ku ohun tó ń wọ inú apẹ̀rẹ̀ náà. Ní 2015, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ka ọjà mọ́kànlélógójì tí kò ní fún ní owó òkèèrè mọ́. Ìrẹsì wà níbẹ̀, ẹja inú agolo wà níbẹ̀, àní ọ̀rá dídán tí a fi ń wé hámpà wà níbẹ̀. Wọ́n mú ìdènà náà kúrò ní oṣù kẹwàá 2023, ṣùgbọ́n náírà ti já jìnnà ní ọdún yẹn, agolo òkèèrè kò sì padà rọjú. Ìrẹsì Abakaliki, oyin, ẹ̀pà àti gaàrí Ìjẹ̀bú ń bẹ lọ́jà, a sì lè bá ẹni tó ń ta wọ́n dúnàá-dúrà láti oṣù kẹsàn-án.