Ẹgbẹ́ Ìsìnkú àti Ayẹyẹ Orin Jáàsì ní Ìlú New Orleans

Bí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ń ṣe láwùjọ, èèsú àti àjọ ni a sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ tọ́ka sí ìlú kan ní Amẹ́ríkà níbi tí ẹgbẹ́ ti gbé odidi orin kan ró. New Orleans ni ìlú náà, jáàsì sì ni orin náà. Èrò wa ni pé owó tí àwọn mẹ̀kúnnù ń dá jọ ni òpó ayẹyẹ yìí, kì í ṣe owó ìjọba tàbí ti oníṣòwò.

Ní ọdún 1817, àwọn aláṣẹ ìlú náà ṣòfin pé ọjọ́ Àìkú nìkan ni àwọn ẹrú lè péjọ láti jó, ní ibi tí olórí ìlú bá yàn fún wọn. Pápá tí a wá mọ̀ sí Congo Square ni ibẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó wá láti Senegal àti Kóńgò pọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ di ti Yorùbá.

Lẹ́yìn tí oko ẹrú parí ní 1865, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò kì í gba ènìyàn dúdú. Ni wọ́n bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Olúkúlùkù a máa san owó díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ṣàìsàn, ẹgbẹ́ a tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá kú, ẹgbẹ́ a sin ín, wọn a sì háyà onífèrè. Ọ̀kan nínú wọn, Young Men Olympian, ti wà láti 1884. Orin arò ni wọ́n fi ń sin òkú lọ sí itẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ti dágbére fún un tán, orin a yí padà, ijó a bẹ̀rẹ̀. Ẹbí, ẹgbẹ́ àti onífèrè ni ìlà kìíní. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń jó tẹ̀lé wọn ni ìlà kejì, tí wọ́n ń pè ní second line. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń ṣe é láìsí òkú. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a mú ọjọ́ Àìkú kan lọ́dún, wọn a dá aṣọ kan náà (ẹgbẹ́jọdá gan-an!), tòun ti agboorùn àti abẹ̀bẹ̀ tí a fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe, wọn a sì fi nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin yí àdúgbò ká. Kò sí ẹnu ọ̀nà tí a ti ń gba owó.

Ayẹyẹ ńlá tí ó ní ẹnu ọ̀nà dé ní 1970, nígbà tí George Wein ṣètò rẹ̀ sí Congo Square. Mahalia Jackson àti Duke Ellington wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èrò ìwòran kéré. Ní 1972 wọ́n gbé e lọ sí pápá eré ẹṣin, ó sì di ńlá. A kò kẹ́gàn rẹ̀. Síbẹ̀, inú àdúgbò ni Danny Barker ti kó àwọn ọmọdé jọ ní nǹkan bí àkókò yẹn, tí ó ń kọ́ wọn ní fèrè lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Fairview.

Ìjì Katrina tú ìlú náà ká ní oṣù kẹjọ 2005. Ní oṣù kìíní 2006 àwọn ẹgbẹ́ tún jáde, ṣùgbọ́n ìbọn dún lọ́jọ́ náà. Ìlú wá bu owó ọlọ́pàá lé wọn, ó ju dọ́là 3,000 lọ fún ìjáde kan. Níbo ni ẹgbẹ́ tí ilé àwọn ọmọ rẹ̀ ti wó yóò ti rí i? Wọ́n gbé ìlú lọ sí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní oṣù kọkànlá, pé owó náà ń dí ẹ̀tọ́ ìpéjọ lọ́wọ́. Ní 1817, aláṣẹ ni ó yan ọjọ́ àti ibi fún àwọn baba ńlá wọn. Ní 2007, aláṣẹ gbà láti dín owó náà kù, kò pé dọ́là 2,000 mọ́. Àpò ẹgbẹ́ ni wọ́n sì ti san án.