Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbà Ọ́ Síṣẹ́: Denver àti Àwọn Awakọ̀ Òfurufú Méjì

Nígbà tí àwọn òǹkọ̀tàn bá ń sọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà, ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń wá kiri: aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́, obìnrin àkọ́kọ́, ọ̀gá awakọ̀ àkọ́kọ́. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ dùn-ún kà, àmọ́ ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ gan-an ti dé ìdajì. Èmi ka iye ọdún tí ẹni tó mọṣẹ́ fi dúró níta sí ju orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ wọlé lọ, nítorí pé nínú iṣẹ́ yìí, ju nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mìíràn lọ, ọdún tó bá ṣòfò lẹ́nu ọ̀nà kì í padà bọ̀. Ìlú Denver ní ìpínlẹ̀ Colorado ni a ti lè rí i kedere. Ilé-iṣẹ́ bàálù méjì, Continental àti Frontier, ló ti fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó rí, ibẹ̀ náà sì ni ènìyàn méjì tí ìtàn wọn jọra ti kan ilẹ̀kùn.

Marlon Green, ọmọ El Dorado ní Arkansas, lo bí ọdún mẹ́sàn-án nínú ọmọ-ogun òfurufú Amẹ́ríkà kó tó fi í sílẹ̀ lọ́dún 1957. Ó ti wa bàálù ajubọ́ǹbù, ó ti wa èyí tí wọ́n fi ń yọ ènìyàn nínú ewu lójú omi, wákàtí tó ti lò lókè sì ti tó 3,000. Fọ́ọ̀mù tí Continental fi ń gba awakọ̀ nígbà náà ní àyè kan tó ń béèrè ẹ̀yà ẹni, wọ́n sì ń fẹ́ kí ènìyàn lẹ fọ́tò mọ́ ọn. Green fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, kò sì fi fọ́tò kankan ránṣẹ́. Wọ́n pè é sí Denver fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àti ìdánwò inú bàálù. Ìgbà tó dé iwájú wọn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹni tí wọ́n pè. Wọn kò gbà á. Àwọn aláwọ̀ funfun tí wákàtí wọn kéré sí tirẹ̀ ni wọ́n mú wọ ilé-ẹ̀kọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Green gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí ìpínlẹ̀ Colorado dá sílẹ̀ láti gbógun ti ẹ̀tanú, lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lọ́dún 1957 kan náà. Ìgbìmọ̀ náà gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì, ó sì dájọ́ pé àwọ̀ ara rẹ̀ nìkan ṣoṣo ló fa kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ ọ́. Ó pàṣẹ pé òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè nígbà tí wọ́n bá tún ṣí kíláàsì.

Kí wọ́n pè é wá di ọ̀rọ̀ ọdún gbọọrọ. Ilé-iṣẹ́ náà kò wá sí ilé-ẹjọ́ láti sọ pé Green kò mọ bàálù wà. Ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ ni pé ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo kò lágbára láti pàṣẹ fún òwò tó ń rékọjá láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, àti pé òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ọkọ̀ òfurufú ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ Colorado lọ́wọ́. Ẹjọ́ ayé àtijọ́ kan wà tí wọ́n gbára lé, ti bí wọ́n ṣe ń to èrò inú ọkọ̀ ojú omi orí odò Mississippi, tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá lọ́dún 1878. Àwọn ilé-ẹjọ́ Colorado gbà pẹ̀lú wọn. T. Raber Taylor, agbẹjọ́rò kan ní Denver, ló bá Green gbé e dé Washington, níbi tí gbogbo àwọn adájọ́ ti fohùn ṣọ̀kan ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1963 láti dá Green láre. Adájọ́ Hugo Black tó kọ ìdájọ́ náà sọ pé gbígba ènìyàn síṣẹ́ nínú ìpínlẹ̀ kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ náà ju bí wọ́n ṣe ń to èrò inú ọkọ̀ lọ, àti pé kò sí ìpínlẹ̀ tó tún lè fi òfin pàṣẹ ẹ̀tanú mọ́, nítorí náà ìdàrúdàpọ̀ tí wọ́n ń bẹ̀rù, pé òfin ìpínlẹ̀ kan yóò tako ti òmíràn, kò lè ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, oṣù kìn-ín-ní ọdún 1965 ni Green tó wọ iṣẹ́. Láti ìgbà tó ti jókòó níwájú wọn di ọjọ́ yẹn lé ní ọdún méje.

Ẹnìkan lè sọ pé oníṣòwò ló lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ẹni tí yóò fi ẹ̀mí èrò lé lọ́wọ́, pàápàá nínú iṣẹ́ tí àṣìṣe ìṣẹ́jú kan lè pa ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Òótọ́ ni. Ìdí rèé tí wákàtí, ìwé ẹ̀rí, àyẹ̀wò ara àti ìdánwò inú bàálù fi wà. Ṣùgbọ́n fọ́tò kì í sọ bóyá ènìyàn lè balẹ̀ nínú kùrukùru. Wọ́n tún máa ń sọ nígbà náà pé èrò yóò kọ̀ láti wọ bàálù tí aláwọ̀ dúdú ń wà, àti pé kò sí hòtẹ́ẹ̀lì tí yóò gbà á sùn ní gúúsù. Èyí náà kò dúró. Ní oṣù kejìlá ọdún 1964, nígbà tí apá òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti ìjọba àpapọ̀ tó kan iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, American Airlines gba David Harris, ọmọ-ogun òfurufú tẹ́lẹ̀ rí. Àwọ̀ Harris mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ì bá fi máà mọ̀ pé ènìyàn dúdú ni; òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ẹni náà sì dá a lóhùn pé àwọ̀ kò kan àwọn. Ìdáhùn yẹn kò ná ilé-iṣẹ́ náà ní nǹkankan. Ohun tí Continental rò pé kò ṣeé ṣe, tó sì náwó ẹjọ́ lé lórí dé Washington, kò gba ẹlòmíràn ju gbólóhùn kan lọ.

Àtakò tó le jù ni ti àwọn tó sọ pé ilẹ̀kùn kò tì rárá, pé àwọn tó tóótun ni kò pọ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀dọ̀ àwọn ológun ni àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù ti ń kó awakọ̀ tí ìjọba ti fowó ara rẹ̀ kọ́. Ẹni tí kò bá wọṣẹ́ ológun, ọ̀nà rẹ̀ jìn. Àmọ́ ta ló ń pinnu ẹni tó lè wọṣẹ́ ológun? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 àwọn aláwọ̀ dúdú tí iṣẹ́ ológun kọ́ ní bàálù wíwà ní Tuskegee láàárín 1941 sí 1946, síbẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń kó èrò kò rí wọn. Àwọn obìnrin tó lé ní 1,000 kọ́ṣẹ́ tán lábẹ́ ẹgbẹ́ WASP, wọ́n ń gbé bàálù ológun láti ibi kan dé ibi kan nílé; ní oṣù kejìlá ọdún 1944 wọ́n tú wọn ká, ọdún 1977 ni ìjọba tó gbà pé ológun tó fẹ̀yìntì ni wọ́n. Láti ọdún 1944 lọ, fún bí ọgbọ̀n ọdún, iṣẹ́ ológun kò kọ́ obìnrin ní bàálù wíwà. Nítorí náà, nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń gbani síṣẹ́ bá ní kí olùwáṣẹ́ wá fi ìrírí ológun hàn, wọn kò nílò láti sọ pé àwọn kò fẹ́ obìnrin. Ẹlòmíràn ti bá wọn sọ ọ́.

Emily Howell, ẹnì kejì tó kan ilẹ̀kùn ní Denver, fi hàn bí àwáwí náà ṣe rí. Ní pápákọ̀ òfurufú Stapleton ní Denver kan náà ni ó ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní bàálù wíwà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Àwọn ọkùnrin tó kọ́ ń gba iṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù, òun náà ń kọ̀wé sí Frontier, kò sì rí èsì tó dára. Nígbà tí wọ́n pè é nígbẹ̀yìn, wákàtí rẹ̀ ti tó bí 7,000, ìyẹn ju ìlọ́po méjì èyí tí Green ní lọ. Wọ́n gbà á ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, ó sì wọ iṣẹ́ nínú Boeing 737 ní oṣù tó tẹ̀lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣáájú olùkọ́ wọlé, wọ́n sì ti ṣáájú rẹ̀ nínú ìwé.

Ìwé yẹn gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ mi. Ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá gba awakọ̀ ni wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà fún un nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ àgbà iṣẹ́. Nọ́ńbà náà ló ń sọ irú bàálù tí yóò wà, ìlú tí yóò máa gbé, ìgbà tó lè gba ìsinmi, bóyá yóò bá ìdílé rẹ̀ ṣọdún Kérésìmesì, àti ọjọ́ tí yóò kúrò ní ìjókòó ọ̀tún lọ sí ti òsì tí í ṣe ti ọ̀gá. Bí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ bá há, ẹni tó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ sílé. Ẹni tó bá sì tìtorí ìyà fi ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn, ìsàlẹ̀ pátápátá ni yóò tún ti bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ pé wákàtí rẹ̀ jẹ́ 10,000. Lápá kejì, láti ọdún 1960 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fi òfin de ẹni tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún pé kò gbọ́dọ̀ wa bàálù ilé-iṣẹ́ ńlá mọ́. Ọdún 2007 ni wọ́n tó sún un dé márùndínláàádọ́rin. Ṣùgbọ́n nígbà ti Green àti Howell, òkè kò gùn sí i, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gé. Ọdún mẹ́jọ tí wọ́n bá fi dá ènìyàn dúró níta, inú àwọn ọdún ìgbẹ̀yìn rẹ̀, nígbà tí owó oṣù tóbi jù, ni wọ́n ti yọ ọ́.

Àwọn kan yóò ní ìlànà àgbà iṣẹ́ yìí kò mọ ojúsàájú, òun náà ló gba àwọn awakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá oníwàǹwára. Mo gbà. Ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ òfurufú tí David Behncke dá sílẹ̀ ní Chicago lọ́dún 1931 rí i bí E. L. Cord, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ bàálù Century, ṣe fẹ́ gé owó oṣù àwọn awakọ̀ rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀lé e, tó sì tì wọ́n síta nígbà tí wọ́n kọ̀. Ìlànà tí kò fi ojú wo ẹni dára ju ìfẹ́ inú ọ̀gá lọ. Àmọ́ ìlànà náà kò lè mọ́ ju ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló kọ̀ láti gba Helen Richey, obìnrin tó wa bàálù Central Airlines láti Washington lọ sí Detroit ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1934. Àwọn aṣojú ìjọba sì ní kí wọ́n má jẹ́ kó fò nígbà tí ojú ọjọ́ kò bá dára. Ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1935.

Ilé-ẹjọ́ fúnra rẹ̀ rí ibi tí bàtà ti ń ta ènìyàn lẹ́sẹ̀. Lọ́dún 1976, nínú ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ẹni tí wọ́n fi ẹ̀tanú kọ̀ lẹ́yìn tí òfin ẹ̀tọ́ aráàlú náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lè gba nọ́ńbà ọjọ́ tó kọ́kọ́ wáṣẹ́. Lọ́dún kejì ni wọ́n fún okùn náà pọ̀. Obìnrin kan tó ń tọ́jú èrò nínú bàálù United, tí wọ́n lé lọ́dún 1968 nítorí pé ó lọ́kọ, tí wọ́n tún gbà padà lọ́dún 1972 bí ẹni tuntun, bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n ka ọdún rẹ̀ àtijọ́ fún un. Wọ́n ní kò pe ẹjọ́ lákòókò, àkọsílẹ̀ náà sì ń wo gbogbo ènìyàn bákan náà. Ó pàdánù.

Green ṣiṣẹ́ ní Continental títí di 1978, ó sì kú ní Denver lọ́dún 2009. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ilé-iṣẹ́ tó bá a ṣẹjọ́ dé Washington kọ orúkọ rẹ̀ sára Boeing 737 kan. Ó dára, ṣùgbọ́n orúkọ lára bàálù kì í san owó oṣù. Howell di ọ̀gá awakọ̀ lọ́dún 1976, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian. Títí di òní, obìnrin kò tíì pé ọ̀kan nínú mẹ́wàá àwọn awakọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn àwọn ẹni àkọ́kọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kọ ọjọ́ méjì sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tó kọ́kọ́ kọ̀wé wáṣẹ́, àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á.