Nọ́mbà Tó Wà Lára Ìbọn Ọdẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìwé lálaalẹ́, ẹ mú gègé yín lọ́wọ́, nítorí ọ̀rọ̀ nọ́mbà ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ìbọn àkọ́kọ́ fún ilé rẹ̀, ohun tí ọlọ́jà yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, ṣé 12 ni, tàbí 16, tàbí 20? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé 20 ló tóbi jù, gẹ́gẹ́ bí 20 fráǹkì ṣe ju 12 fráǹkì lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní abúlé wa ra nọ́mbà 20, ó rò pé ó lágbára ju ti ọ̀gá òun lọ. Nígbà tó gbé e délé, kátúṣì 12 tó ti rà sílẹ̀, èyí tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní kátíríìjì, kò wọ ìbọn náà. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ṣùgbọ́n nínú àwa tí à ń rẹ́rìn-ín, ta ni ó lè sọ ìdí rẹ̀?

Nígbà ìwáṣẹ̀, ọdẹ kò mọ nọ́mbà, nítorí kò mọ ìbọn. Ìtàn Kétu sọ pé ọdẹ ni ó mọ ọ̀nà tí àwọn baba ńlá wa gbà dé ibi tí ìlú náà wà lónìí. Ọdẹ náà kò gbé ìbọn. Ọkọ̀ òkun àwọn òyìnbó ni ó gbé ìbọn wá sí etí òkun wa, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n sì fi gba ènìyàn, ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé. Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni a ti rọ ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn ará Dẹ́nmákì náà tà lára rẹ̀ láti ilé olódi wọn ní Àkárà, títí wọ́n fi ta ilé olódi náà fún Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1850. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fi ń fi orúkọ Dẹ́nmákì pe ìbọn tí àwa ń pè ní ṣakabùlà.

Gbogbo yín lẹ mọ ṣakabùlà. Ẹnu la ti ń kì í: a da ẹ̀tù sí i, a fi òwú tàbí èèpo igi dí i, a kó ọta lé e, a tún dí i. Bí òjé kò bá sí, a fi ẹsẹ̀ ìkòkò irin tí a fọ́ wẹ́wẹ́ tàbí ìṣó dípò rẹ̀. Ohunkóhun tó bá gba ẹnu rẹ̀ wọlé ni ọta rẹ̀. Ìbọn bẹ́ẹ̀ kò nílò nọ́mbà fún ẹni tó ń lò ó.

Òyìnbó tó ń rọ ìbọn ni ó nílò rẹ̀. Àgbá, èyíinì ni ìbọn ńlá ti ogun, ìwọ̀n ọta rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é: àgbá ọlọ́ta pọ́ùn 12, àgbá ọlọ́ta pọ́ùn 24. Ṣùgbọ́n ọta tó lè wọ ẹnu ìbọn ọwọ́ kò tó pọ́ùn kan. Nítorí náà wọ́n mú òjé pọ́ùn kan, wọ́n yọ́ ọ, wọ́n sì pín in sí ọta roboto tó dọ́gba. Bí ó bá di ọta 12, ìbọn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ọta náà bá ẹnu rẹ̀ mu ni à ń pè ní 12. Bí a bá pín òjé kan náà sí ọ̀nà 20, ọta á kéré sí i, ojú ìbọn á sì kéré sí i. Iyán odó kan tí a pín fún ọmọ 12, òkèlè tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò ju ti ọmọ 20 lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ sínú ìwé yín. Pọ́ùn Gẹ̀ẹ́sì kan jẹ́ nǹkan bí 454 gráàmù. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 12, ó jẹ́ nǹkan bí 38. Sí ọ̀nà 16, 28. Sí ọ̀nà 20, 23. Bí a bá fi mìlímítà wọn inú ọ̀pá ìbọn, 12 jẹ́ 18.5, 16 jẹ́ 16.8, 20 jẹ́ 15.6. Ní ọdún 1868, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì to àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí sínú ìwé.

Kí ló wá gbé nọ́mbà náà dé ọwọ́ ọdẹ? Kátúṣì ni. Ní ìlú Paris, ní ọdún 1812, Samuel Pauly ṣe ìbọn tí à ń kì ní ìdí, tí ẹ̀tù àti ọta rẹ̀ wà pọ̀ nínú ìdì kan. Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn 1830, Casimir Lefaucheux ṣe èyí tó rọrùn fún ọdẹ láti lò: a ṣẹ́ ọrùn ìbọn, a ti kátúṣì bọ̀ ọ́, a pa á dé. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ohun tó bá rí kò tún gba ẹnu ìbọn mọ́. Kátúṣì gbọ́dọ̀ bá ìdí ọ̀pá mu.

Ìbọn tuntun yìí kò tètè dé ọ̀dọ̀ wa, èmi kò sì gbà pé àìlówó nìkan ló fà á. Nínú ogun Kírìjì tó parí ní 1886, àwọn Èkìtì Parapọ̀ ti ní ìbọn tí à ń kì ní ìdí, tí àwọn ará wọn fi ránṣẹ́ láti Èkó, ó sì ba ẹ̀rù sí Ìbàdàn lára. Nígbà tí Faransé gbógun ti Ọba Béhanzin ní 1892, òun náà ti ra irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì. Àwọn òyìnbó ti rí èyí tó ń bọ̀: ní oṣù keje ọdún 1890, wọ́n fọwọ́ sí ìwé kan ní Bruxelles láti dí ọ̀nà ìbọn ìgbàlódé mọ́ apá tó pọ̀ jù nínú Áfíríkà. Wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà fi ààyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta àti ẹ̀tù òwò. Nítorí náà, nígbà tí ọdẹ òkè òkun ti gbàgbé ìbọn olókùúta, òun ni tiwa ṣì ń gbé kọ́ èjìká. Nígbà ìjọba Faransé, ìbọn oníkátúṣì gba ìwé àṣẹ, ẹni tó sì ní in kò pọ̀.

Àwọn tó rí i rà, ti Saint-Étienne ní ilẹ̀ Faransé ni ọ̀pọ̀ wọn rà, bíi Robust ẹlẹ́nu méjì ti ilé iṣẹ́ Manufrance. Àwọn ọdẹ Faransé fẹ́ràn 16 gan-an nígbà náà, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí 16 lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà kan títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé tó fẹ́ ra ìbọn kan ṣoṣo, tí bàbá, àbúrò bàbá àti ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di géńdé yóò jọ máa lò. Àwọn arọ́bọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní ìṣirò kan: ìwọ̀n ìbọn gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 96 ìwọ̀n ọta tó ń yìn, kí ó má baà ta èjìká jù. Ọta 36 gráàmù, tí 12 lè yìn dáadáa, ń fẹ́ ìbọn tó tó kílò mẹ́ta àbọ̀. Ọta 28 gráàmù, tíí ṣe ti 16, ń fẹ́ nǹkan bí kílò 2.7. Nọ́mbà 20 fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tó fún àparò àti òkété, pàápàá fún ẹni tí apá rẹ̀ kò tíì le. Bí ó bá jẹ́ pé fífúyẹ́ nìkan là ń wò, n óò ní kí ẹ ra 20.

Ṣùgbọ́n ìbọn láìsí kátúṣì, igi lásán ni, 12 sì ni àwọn ilé iṣẹ́ ń ṣe jù lónìí. Bẹ́ẹ̀ ni kátúṣì 12 tó fúyẹ́ wà, tí ọta inú rẹ̀ kò ju 28 gráàmù lọ, gẹ́gẹ́ bí ti 16. Kí ọmọ máa lo èyí, kí bàbá fi èyí tó wúwo dúró de ìgalà. Ní tèmi, 12 kan tó ìdílé. Ìwé àṣẹ ńkọ́? Orúkọ ẹni kan ló máa ń wà nínú rẹ̀. Kí ẹlòmíràn tó gbé ìbọn náà, ẹ lọ béèrè lọ́dọ̀ ìjọba.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi sọ pé kan ṣoṣo. Bí 12 àti 20 bá jọ wà nínú ilé kan, ọjọ́ kan ni kátúṣì wọn yóò dàpọ̀ nínú àpò. Kátúṣì 20 tí a fi sínú ìbọn 12 yóò yọ́ wọlé, yóò sì há síwájú níbi tí ọ̀pá ti fún. Ọdẹ yóò wo ìdí ìbọn, yóò rí i bí ẹni pé ó ṣófo, yóò ti 12 bọ̀ ọ́, yóò yìn ín. Ọ̀pá á fọ́ níbi tí ọwọ́ òsì gbé dì í mú. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń fi àwọ̀ ìyeyè sí kátúṣì 20 nítorí èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èyí tó ń dé ọjà wa ni a kùn bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ìdí idẹ kátúṣì, ẹ ka ara ọ̀pá ìbọn. Bí ẹ bá rí 12/70 lára ọ̀pá, 70 jẹ́ gígùn kátúṣì ní mìlímítà; ìbọn àtijọ́ mìíràn jẹ́ 65, kátúṣì 70 sì gùn jù fún un. Ìbọn tí alágbẹ̀dẹ fi páìpù omi ṣe kò ní nọ́mbà kankan, kò sì sí ẹni tó dán an wò kí ẹ tó gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ṣakabùlà kò tíì kúrò nílé. Lọ́jọ́ tí ọdẹ bá kú, òun ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé jáde. Ẹ̀tù nìkan ni wọ́n ń kì sí i lọ́jọ́ náà, wọn kì í fi ọta sí i, wọ́n á sì yìn ín sójú ọ̀run.