Nígbà Tí Sẹ́ńsọ̀ Sálẹ́ńsà Bá Yadi

Láyé bọ̀lẹ̀kájà, àti nígbà tí iléeṣẹ́ Leyland ṣì ń to ọkọ̀ ẹrù pọ̀ n'Íbàdàn, ojú àti etí ni mẹkáníìkì fi ń mọ àìsàn ẹ́ńjìnnì dísù. Bí èéfín bá dú ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á tú nọ́sù wò. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń fọwọ́ yí, tó ń lọ ẹ̀gẹ́ ní Ìgàngán àti Ayétẹ̀ ní Ìbàràpá, kò kúrò ní ìdí yẹn. Ọkọ̀ ẹrù tòkunbọ̀ tó ń wá kó ẹ̀gẹ́ ọ̀hún lọ ló yàtọ̀: iná lè tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ pé ohùn sẹ́ńsọ̀ NOx, tó ń wọn gáàsì olóró inú èéfín, kò wọlé mọ́, kí ẹ́ńjìnnì sì máa sáré bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ á ní sẹ́ńsọ̀ ti kú. Ìtàn bí sẹ́ńsọ̀ yìí ṣe dé inú ọkọ̀ kò ti èrò náà lẹ́yìn.

Tẹ́lẹ̀, wáyà tirẹ̀ ni wọ́n ń fà fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ìdì wáyà sì ń nípọn sí i. Ní 1983 ni iléeṣẹ́ Bosch ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí CAN, wọ́n sì gbé e síta nílùú Detroit ní 1986: wáyà méjì tí a lọ́ mọ́ra, tí gbogbo àpótí inú ọkọ̀ jọ ń gbà sọ̀rọ̀. Èdè J1939 tí ọkọ̀ ẹrù ń lò, orí rẹ̀ ló dúró lé. Lẹ́yìn náà ni òfin èéfín le. Ní Yúróòpù, Euro V gba gíráàmù 2.0 NOx láàyè fún kílówáàtì-wákàtí kan. Euro VI já a sí 0.4 ní 2013. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da omi AdBlue, tó ń dín NOx kù, sínú sálẹ́ńsà, tí wọ́n sì fi sẹ́ńsọ̀ síwájú àti sẹ́yìn láti ṣọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Iná tí sẹ́ńsọ̀ náà ń mú jáde kéré débi pé kò lè rìn jìnnà lórí wáyà, nítorí náà wọ́n so àpótí kékeré mọ́ ọn, tó ń ṣírò fúnra rẹ̀, tó sì ń ránṣẹ́ sí brainbox, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì.

Àpótí yẹn ni kókó ọ̀rọ̀. Bí orí sẹ́ńsọ̀ bá sán tàbí tó dọ̀tí, àpótí sábà máa ń wà láàyè, á sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé orí ò dáa. Ṣùgbọ́n kóòdù U029D, tàbí SPN 3216 pẹ̀lú FMI 9, ìdákẹ́jẹ́ ló ń sọ. Ẹni tó dákẹ́ lè jẹ́ pé oúnjẹ ni kò rí jẹ: fíyúùsì jó, earth ti dípẹtà, eku ti gé wáyà, omi ti wọ ojú ìsopọ̀. Kí rewáyà pa ọkọ̀, kó fi mítà wọn àárín wáyà CAN méjèèjì. Ohm 60 ló yẹ kó rí. Bó bá rí 120, nǹkan ti já níbì kan. Bó bá sún mọ́ òdo, wáyà méjèèjì ti kanra.

Wọ́n á ní dísù wa ló ń pa sẹ́ńsọ̀. Lóòótọ́ ni imí-ọjọ́ ń ba ohun tó ń fọ èéfín jẹ́, ECOWAS náà sì ti ní kí dísù tó ń wọlé láti 2021 má ju 50 nínú mílíọ̀nù lọ. Ṣùgbọ́n imí-ọjọ́ kì í gé wáyà. Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n kúkú pa sẹ́ńsọ̀ rẹ́ nínú brainbox, ta ló ń yẹ èéfín wò ní Ìbàràpá? Òfin NESREA, àjọ tó ń ṣọ́ àyíká, lórí èéfín ọkọ̀ ti wà láti 2011, ká tilẹ̀ gbàgbé ìyẹn. Wáyà tó kanra kò gbọ́ ti ohun tí wọ́n pa rẹ́ nínú brainbox. Bí bíréèkì bá ń gba orí wáyà kan náà, òun náà lè dákẹ́.

Àwíjàre kan ṣoṣo ni mo gbà: àpótí náà lè jó nínú kó sì dí ẹnu gbogbo àwọn yòókù. Yọ ọ́ kúrò lójú wáyà; bí àwọn yòókù bá tún ń sọ̀rọ̀, òun ló jẹ̀bi. Bí iná bá ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí earth àti wáyà CAN sì pé, síbẹ̀ tí kò fọhùn, òun náà ni. Ẹni tó bá wá fẹ́ ra òmíràn, kó mú nọ́ńbà ara àpótí dání, torí ti iwájú àti ti ẹ̀yìn máa ń jọra lójú, ṣùgbọ́n a kì í sábà lè fi ọ̀kan dípò èkejì.