Kí Omi Amrit Tó Dé, Síìkì Ti Wà

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àwọn Síìkì ilẹ̀ Íńdíà, ìtàn kan ló máa ń ṣáájú gbogbo ìtàn. Ọdún 1699 ni, lọ́jọ́ àjọ̀dún Vaisakhi, nílùú Anandpur tó wà lẹ́sẹ̀ òkè Himalaya. Gobind Singh, ẹni kẹwàá nínú àwọn Gúrù tó jẹ́ olórí ẹ̀sìn wọn, yọ idà lójú agbo, ó ní orí èèyàn lòun ń wá. Gbogbo agbo pa lọ́lọ́. Ọkùnrin kan dìde, Gúrù mú un wọ inú àgọ́, ó sì jáde pẹ̀lú idà tí ẹ̀jẹ̀ ń kán lára rẹ̀, ó ní òun tún fẹ́ òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí wọ́n fi pé márùn-ún. Àfi bí àwọn márààrún ṣe jáde láàyè, wọ́n wọ aṣọ tuntun. Gúrù bu omi sínú abọ́ irin, wọ́n da ṣúgà sí i, ó fi idà olójú méjì rò ó pọ̀, ó fún wọn mu. Omi náà ni wọ́n ń pè ní amrit. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí á wá fi kádìí rẹ̀ pé ibẹ̀ ni ẹ̀sìn Síìkì ti bẹ̀rẹ̀, àti pé ẹni tí kò bá mu omi náà kò tíì di Síìkì.

Ìtàn náà dùn, n kò sì bá a jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Sainapati, akéwì tó wà láàfin Gúrù yìí, kò mẹ́nu ba àgọ́ tàbí idà ẹlẹ́jẹ̀ nínú ìwé tó kọ láìpẹ́ sí ikú ọ̀gá rẹ̀. Inú ìwé àwọn tó dé lẹ́yìn la ti ń bá ìyẹn. Ìparí tí wọ́n ń fún ìtàn náà ni n kò gbà. Khalsa ló bẹ̀rẹ̀ ní Anandpur, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó jẹ́jẹ̀ẹ́. Àwọn Síìkì ti wà ní nǹkan bí igba ọdún ṣáájú.

Wọ́n bí Gúrù Nanak ní 1469 ní Talwandi, ìlú tí wọ́n ń pè ní Nankana Sahib lónìí, ní Pakístán. Nígbà tó rin ìrìn-àjò dé, ó tẹ̀dó sí Kartarpur, ó ń dáko, ó ń kọrin ìyìn sí Ọlọ́run kan ṣoṣo, àwọn tó tẹ̀ lé e sì ń jókòó jẹun pọ̀, olówó àti tálákà. Síìkì ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn yẹn. Kí ó tó papò dà ní 1539, ó ti fi Angad jẹ Gúrù rọ́pò ara rẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìgbà náà sí 1699. Ram Das tẹ Amritsar dó. Arjan kó orin àwọn Gúrù jọ sínú ìwé Granth ní 1604, ó sì fi ti Kabir ahunṣọ, ti Ravidas oníṣẹ́ awọ àti ti Farid tó jẹ́ Mùsùlùmí kún un. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìjọba Mughal tó ń ṣàkóso Íńdíà nígbà náà pa Arjan ní Lahore. Ní 1675, wọ́n bẹ́ orí Gúrù kẹsàn-án, Tegh Bahadur, ní Delhi, wọ́n sì pa Mati Das ọmọlẹ́yìn rẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mu omi inú abọ́ irin. Gobind fúnra rẹ̀ gorí oyè lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ó sì lo ọdún mẹ́rìnlélógún níbẹ̀ kó tó ro amrit kankan. Bí amrit bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà, a jẹ́ pé ìta ni gbogbo wọn wà títí kan Nanak. Ta ló máa gbọ́ ìyẹn tí kò ní rẹ́rìn-ín?

Wọn ò ṣàì ní ètò ìgbaniwọlé tiwọn láyé ìgbà yẹn. Omi tí Gúrù ti fi ìka ẹsẹ̀ kàn ni wọ́n máa ń fún ẹni tuntun mu, láti fi hàn pé ó ti rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọlẹ́yìn pọ̀ kọjá ibi tí ẹsẹ̀ Gúrù lè dé, àwọn aṣojú tí wọ́n ń pè ní masand ló ń ṣe é fún wọn káàkiri, àwọn náà ló sì ń gba ọrẹ wá fún Gúrù. Ẹni tó ń gba owó lọ́nà jíjìn, tí àwọn èèyàn tún ń mu omi ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ kúkú mọ ibi tó máa ń já sí. Àwọn kan ń jẹ ọrẹ náà, àwọn míràn sọ ara wọn di ọlọ́lá kékeré sáàrin àwọn tí wọ́n rán wọn sí. Ohun tí Gúrù Gobind fẹ́ yanjú gan-an nìyí. Ó pa ipò masand rẹ́, ó ní kí gbogbo Síìkì máa bá òun pàdé láìsí alágbàtà láàrin. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò nínú omi, ó fi idà rọ́pò rẹ̀.

Ohun tó ṣe tẹ̀ lé e ló wú mi lórí jù. Ó kúnlẹ̀ síwájú àwọn márùn-ún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní omi, ó ní kí wọ́n fún òun náà. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí àlùfáà tó ni amrit, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìdílé tó ni ín. Khalsa márùn-ún tó bá mọ́ lè fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sì wo àwọn márùn-ún yẹn o: Daya Ram, ọmọ ẹ̀yà Khatri láti Lahore; Dharam Das, àgbẹ̀ Jat; Himmat, ẹni tó ń pọn omi, láti Puri; Mohkam Chand, oníṣẹ́ aṣọ láti Dwarka; Sahib Chand, onígbàjámọ̀ láti Bidar. Ní ilẹ̀ tí ọmọ ẹ̀yà gíga kò ti ní gba omi lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, ẹnu abọ́ kan náà ni gbogbo wọn ti mu, wọ́n sì jọ ń jẹ́ Singh.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é títí di òní nìyẹn, kò sì jọ ìrìbọmi tí àwa mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn kì í ri ẹnikẹ́ni bọ odò. Àwọn márùn-ún á kúnlẹ̀ yí abọ́ ká níwájú ìwé Granth, wọ́n á máa ka àdúrà márùn-ún tẹ̀ léra wọn bí wọ́n ṣe ń ro omi náà lọ, ìyẹn kì í sì í ṣe àdúrà kúkúrú. Ẹni tó fẹ́ gbà á á na ọwọ́ méjèèjì, á mu ún ní ẹ̀kúnwọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, wọ́n á wọ́n ọn sí i lójú lẹ́ẹ̀marùn-ún, wọ́n á sì wọ́n ọn sí i nírun lẹ́ẹ̀marùn-ún. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú abọ́, gbogbo àwọn tó gbà á lọ́jọ́ náà ló máa mu ún tán, ní ẹnu abọ́ kan náà. Lẹ́yìn èyí, irun àìgé, òòyà onígi, ìdè irin lọ́rùn ọwọ́, ṣòkòtò péńpé àti idà kékeré kò gbọdọ̀ kúrò lára wọn mọ́. Wọn kò gbọdọ̀ mu tábà, wọn kò gbọdọ̀ ṣe àgbèrè. Ẹni tó bá rí èyí tó pè é ní ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré, kò mọ ohun tó ń wí.

Ṣùgbọ́n gbogbo Síìkì kọ́ ló mu ún ní 1699, ọ̀pọ̀ ni kò sì mu ún títí wọ́n fi kú. Sainapati yìí kan náà ròyìn bí ìjà ṣe bẹ́ sílẹ̀ ní Delhi láàrin àwọn Síìkì, torí pé àwọn kan kọ̀ láti fi àṣà fífá orí nígbà ọ̀fọ̀ sílẹ̀. Ó le débi pé wọ́n ti ìsọ̀ pa lọ́jà, kí wọ́n tó parí rẹ̀. Nand Lal ńkọ́? Ọ̀dọ̀ Gúrù Gobind ló wà, èdè Páṣíà ló fi ń kéwì, Nand Lal ni gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n sí, wọn kò mọ̀ ọ́n sí Singh. Lónìí, òfin ìwà Síìkì fọwọ́ sí i kí wọ́n máa kọ ewì rẹ̀ lórin nínú gurdwara, ìyẹn ilé ìjọsìn wọn, àǹfààní tí òǹkọ̀wé méjì péré ní lẹ́yìn ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn Gúrù. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá mọ́ tó láti kọ níwájú Granth, ẹ jọ̀ọ́, kí ló kù tí kò fi ní jẹ́ Síìkì?

Ẹni tó tún yẹ ká rántí ni Kaura Mal. Ní àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún, ìjọba Lahore ń dọdẹ àwọn Khalsa; gómìnà Zakariya Khan ti dá owó lé orí wọn. Igbó ni wọ́n sá lọ, irun àti láwàní ló sì ń tú wọn fó. Àwọn tí kò mu amrit, tí irun wọn kò fi wọ́n hàn, ló dúró nílùú, tí wọ́n ń tọ́jú ilé ìjọsìn, tí wọ́n sì ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí igbó. Kaura Mal jẹ́ ìjòyè ńlá lábẹ́ gómìnà Mir Mannu, ọmọlẹ́yìn Nanak ni, kò sì mu amrit. Nígbà tí ọmọ ogun ìjọba sé Khalsa mọ́ inú odi Ram Rauni ní Amritsar, òun ló bá wọn bẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi tú ogun ká. Ohun kíkorò ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí, àwọn Khalsa wá yí i padà, wọ́n ń pè é ní Mitha Mal, ìyẹn aládùn. Ojú ogun ló kú sí ní 1752. Àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀mí wọn wewu nítorí amrit kò sọ pé kì í ṣe ará àwọn.

Nígbà wo ni ọ̀rọ̀ wá yí padà? Díẹ̀díẹ̀ ni. Khalsa ló jagun, Khalsa ló gba Punjab, ilẹ̀ àwọn Síìkì, Ranjit Singh, ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn, sì wọ Lahore ní 1799, nítorí náà kò yà wá lẹ́nu pé ojú Khalsa ni ayé ń rí bí wọ́n bá dárúkọ Síìkì. Nígbà tí àwọn Òyìnbó gba ilẹ̀ náà ní 1849, wọ́n tún ti ọ̀rọ̀ náà síwájú: àwọn ọ̀gá ológun wọn ní Síìkì tó bá fẹ́ wọṣẹ́ sójà gbọ́dọ̀ mu amrit kó sì dá irun rẹ̀ sí. Ẹ kò rí nǹkan, Òyìnbó onígbàgbọ́ ló ń lé èèyàn lọ gba ẹ̀jẹ́ Khalsa! Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ Singh Sabha dé ní 1873, wọ́n fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé Síìkì kì í ṣe ẹ̀ka Híńdù, ohun tó sì hàn sójú jù láti fi ya ara wọn sọ́tọ̀ ni irun àti láwàní. Mo mọrírì iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ààlà tí wọ́n pa láti fi lé ará ìta sẹ́yìn, ó bá ará ilé náà.

Àwọn tó di ìtàn Anandpur mú ní èsì kan tó lágbára, n kò sì ní fojú fò ó. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ kan náà ló wà nínú àwọn Gúrù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, pé ohun tí Nanak gbìn ni Gobind kórè, nítorí náà ẹni tó bá kọ omi Gobind ti kọ Nanak. Mo gba ìlàjì rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé amrit kò já mọ́ nǹkan kan, kó lọ wá orúkọ míràn fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkọ̀ ọ́ yàtọ̀ sí àìtíì gbà á. Òfin ìwà Síìkì tí ìgbìmọ̀ gurdwara Amritsar fọwọ́ sí ní 1945, tí àwọn Khalsa fúnra wọn kọ, mọ ìyàtọ̀ náà. Ó ní Síìkì ni ẹni tó gba Ọlọ́run kan gbọ́, tó gba àwọn Gúrù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá àti Granth gbọ́, tó gba amrit Gúrù kẹwàá gbọ́, tí kò sì ní ẹ̀sìn míràn. Ó gbọ́dọ̀ gbà á gbọ́. Kò sọ pé ó gbọ́dọ̀ ti mu ún. Àwa Yorùbá kò ṣàjèjì sí irú ètò báyìí: ọ̀pọ̀ ló ń bọ Ifá nílé baba wọn tí wọn kò wọ igbódù rí, kò sì sí babaláwo tó máa sọ pé wọn kì í ṣe onífá.

Ojú ìwòye yìí náà ló wà nílé ẹjọ́ gíga jù nílùú Ọba ní 1983, lórí ọmọ Síìkì tí ilé ìwé kan kò gbà nítorí láwàní. Àwọn adájọ́ ní ẹ̀yà kan tí ìtàn so pọ̀ ni Síìkì, òfin sì dáàbò bò wọ́n. Wọn kò béèrè ẹni tó ti mu amrit. Bákan náà láàrin àwọn Sindhi, tí àwọn oníṣòwò wọn ti wà ní Èkó láti ayé àwọn amúnisìn, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń forí balẹ̀ fún Granth láìsí ọmọ Khalsa kankan nínú wọn.

Nílé gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn gurdwara Punjab, ìdìbò ni wọ́n fi ń yàn án lábẹ́ òfin 1925. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn Síìkì tí kò dá irun sí ń dìbò pẹ̀lú àwọn tó kù. Ní 2003, ìjọba Íńdíà gba ìbò lọ́wọ́ wọn. Ní 2011, ilé ẹjọ́ gíga Punjab àti Haryana wọ́gi lé e. Ní 2016, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣòfin tuntun tó mú un padà bọ̀ sípò, wọ́n sì ní kó bẹ̀rẹ̀ láti 2003. N kò rí ohun tó burú nínú kí Khalsa nìkan máa fúnni ní amrit, tàbí kí àwọn nìkan máa darí ètò náà. Ẹ̀jẹ́ wọn ni. Ohun tí n kò gbà ni kí wọ́n fi irun orí wọn ọmọ Nanak wò, kí wọ́n sì ní ìtàn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gé irun rẹ̀ ṣì ń wọ gurdwara Amritsar lónìí, ó ń bó àlùbọ́sà, ó ń fọ abọ́ níbi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ ọ̀fẹ́, ó ń forí balẹ̀ fún Granth, ó sì ń ju ọrẹ sílẹ̀. Òfin 2016 gba ìbò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ pé kí wọ́n má gba owó rẹ̀.