Ẹ̀kọ́ Àtòkèèrè àti Ọ̀ràn Asọ̀rọ̀mágbèsì

Ní ọdún 1935 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà pín ohùn rédíò káàkiri àwọn ilé ní Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1939. Àwọn Yorùbá fetí sí ẹ̀rọ náà títí, wọ́n sì sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ yìí kì í ṣe àwàdà lásán. Àléébù ẹ̀rọ náà gan-an ni ó tọ́ka sí: bí olùgbọ́ tilẹ̀ pariwo títí ohùn rẹ̀ há, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Nínú ìtàn ẹ̀kọ́ àtòkèèrè, èyíinì ni ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kò fi ojú kan ara wọn, àléébù kan náà ni ó ń yọjú láti ìran dé ìran, òun náà ni ó sì ń dààmú àwọn tí ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí.

Iṣẹ́ náà kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1840, nígbà tí owó lẹ́tà di pọ́ọ́kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Isaac Pitman bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà kọ́ àwọn ènìyàn ní ìkọ̀wé kúkúrú tí akọ̀wé fi ń lé ọ̀rọ̀ ẹnu bá. Ó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́, wọ́n ń ṣe é padà sí i, ó sì ń tún àṣìṣe wọn ṣe. Èsì wà níbẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ẹ̀kọ́ orí lẹ́tà yìí ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé àti olùkọ́ nílẹ̀ Yorùbá gbà gòkè. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹni tí Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láti 1987, gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀n ní 1944 láìjókòó nínú kíláàsì rẹ̀ kankan. Irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ń rí èsì gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ òkun ni ó ń gbé e bọ̀. Ohun tí kò ní ni ẹgbẹ́ tí yóò bá a jiyàn.

Tẹlifíṣọ̀n tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà 1959 yára ju ọkọ̀ òkun lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ó tún mú wa padà sí ọ̀dọ̀ asọ̀rọ̀mágbèsì. Àwọn ará Gánà ni ó wá ọgbọ́n dá sí i. Ní 1964, wọ́n mú ètò kan tí ó ti wà ní Kánádà láti 1941, tí Íńdíà náà sì ti dán wò ní 1956. Àwọn ará abúlé yóò kóra jọ sídìí rédíò kan; bí ètò bá parí, wọn yóò jíròrò, wọn yóò sì kó ìbéèrè wọn ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ rédíò, tí yóò dáhùn rẹ̀ nínú ètò mìíràn. Asọ̀rọ̀mágbèsì gbèsì. Ẹ̀rọ kò yí padà. Ètò tí a ṣe yí i ká ni ó yí padà.

Yunifásítì Ifẹ̀ kó kúrò ní Ìbàdàn wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Ní 1970 ni Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì di iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tirẹ̀ ń kọ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Èyí kì í ṣe ẹ̀kọ́ àtòkèèrè, ṣùgbọ́n kò sí bí a ó ti sọ̀rọ̀ ìjíròrò ní Ifẹ̀ kí a fò ó dá. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí a rò pé kò ní èrò, èdè ni ó dí i lẹ́nu.

Michael Moore, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ẹ̀kọ́ àgbà ní Kẹ́ńyà kí ó tó lọ sí Amẹ́ríkà, là á yé àwọn ọ̀mọ̀wé láti àwọn ọdún 1970 wá pé jíjìnnà olùkọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ti máìlì. Bí ìjíròrò bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ó ń dín kù. Ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn ńlá ní Ifẹ̀ lè jìnnà sí olùkọ́ ju ẹni tí ó wà ní Ṣakí lọ.

Nígbà tí àrùn COVID-19 ti ilé-ìwé pa ní oṣù Ẹrẹ́nà 2020, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sáré padà sídìí rédíò. Lórí WhatsApp, àwọn olùkọ́ kan ń da ìwé sílẹ̀ bí ẹni da yangan, “Ẹ ṣeun, sà” sì ni gbogbo èsì. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni ó fa ìdákẹ́ yìí. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa kì í já àgbà ní koro ní gbangba. Bí olùkọ́ bá ti sọ èrò tirẹ̀ ṣáájú, ìjíròrò parí. Nítorí náà, kí olùkọ́ kọ́kọ́ pa ẹnu mọ́. Kí ó pín wọn sí ọ̀wọ́ kéékèèké, kí ó sì gbà kí ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì bá há sọ ọ́ ní Yorùbá. Kí ó béèrè ohun tí kò sí nínú ìwé tí ó fi ránṣẹ́: dípò “Kí ni oríkì?”, kí kálukú kọ oríkì ìdílé rẹ̀ wá, kí ẹlòmíràn sì sọ ibi tí ó ti yàtọ̀ sí ti ilé tirẹ̀. Kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ kíkọ tàbí ohùn tí a gbà sílẹ̀, nítorí owó dátà àti iná tí kò dúró.

Iṣẹ́ yìí wúwo. Pitman kò lè dá a ṣe. Ní 1843 a dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń bá a tún iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ní Ifẹ̀ lè ṣe irú rẹ̀, bí yunifásítì bá lè gbà pé wákàtí tí a fi fún akẹ́kọ̀ọ́ ní èsì jẹ́ iṣẹ́ olùkọ́ gẹ́gẹ́ bí wákàtí tí ó fi dúró níwájú pátákó.