Láti Ara Àgọ́ Tí Ó Jẹrà Dé Ẹ́ńsáìmù Alásopọ̀

Bí a bá wí fún ènìyàn pé ṣúgà ni ó kún inú pòròpórò àgbàdo tí àwọn àgbẹ̀ ń dáná sun lẹ́yìn ìkórè, yóò rò pé àwàdà ni a ń ṣe. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Ní 1838 ni Anselme Payen, ará Faransé, yọ ohun kan jáde láti ara igi, èyí tí a ń pè ní sẹ́lúlóòsì títí di òní. Òun ni ó pọ̀ jù lọ lára òwú. Òun náà ni ó sì wà nínú ìwé tí ẹ̀yin òǹkàwé mú lọ́wọ́ yìí. Irú ṣúgà kan náà tí ó di iṣu ni ó di igi. Ọ̀nà tí a gbà so wọ́n pọ̀ ni ó yàtọ̀. Èyí kò ya èmi tí mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè lẹ́nu rárá. Lẹ́tà kan náà ni a fi kọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò wọ ọkọ́ lọ sí Èkó?

Nínú itọ́ ẹnu wa ni ohun kan wà tí ó ń gé iṣu wẹ́wẹ́ di ṣúgà. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wà ní ẹnu wa kò lè gé sẹ́lúlóòsì. Màlúù pàápàá kò dá a ṣe. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń gbé inú ikùn rẹ̀, ni ó ń bá a ṣe é.

Ogun ni ó mú kí àwọn onímọ̀ kọjú sí ọ̀rọ̀ yìí gidigidi. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àgọ́ àti aṣọ òwú àwọn sójà Amẹ́ríkà ń jẹrà ní àwọn erékùṣù òkun Pàsífíìkì. Láti ara àgọ́ kan tí ó ti jẹrà ní Bougainville ni wọ́n ti rí ohun kan tí ó bá olú tan. Elwyn Reese àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí àwọn ọmọ-ogun ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀nà tí wọn yóò gbà dènà ọ̀tá ni wọ́n ń wá. Ìránṣẹ́ ni wọ́n rí. Ní 1977 wọ́n fi orúkọ Reese sọ ọ́, ó di Trichoderma reesei. Láti ara ẹyọ kan yìí ni irú èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lò ti ṣẹ̀.

Ní 1950, Reese àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wí pé kì í ṣe ẹ́ńsáìmù kan ṣoṣo ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìwádìí tí ó tẹ̀lé e fi hàn pé ọ̀kan ń gé okùn sẹ́lúlóòsì láàárín, èkejì ń jẹ ẹ́ láti ìpẹ̀kun, ẹ̀kẹta sì ń gé ìyókù di ṣúgà ẹlẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Ní 1983, Edward Bayer àti Raphael Lamed ní Tel Aviv kéde pé bakitéríà kan, Clostridium thermocellum, kó àwọn ẹ́ńsáìmù rẹ̀ jọ pọ̀ sí ara rẹ̀ bí irinṣẹ́ nínú àpótí kan. Ní 1986, àwọn onímọ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù àti Súwídìn gé ẹ́ńsáìmù Trichoderma sí méjì: apá tí ń gé nǹkan, àti apá tí ń di sẹ́lúlóòsì mú. Apá tí ń gé nǹkan kò kú, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ lórí sẹ́lúlóòsì líle dín kù púpọ̀.

Bí ó ti di pé ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í so wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ìwúkàrà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì kò lè jẹ sẹ́lúlóòsì. Ní 2004, àwọn ará Japan so ẹ́ńsáìmù mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ohun tí yóò mú un dúró, sí ẹ̀yìn ara ìwúkàrà. Ìwúkàrà náà sì sọ sẹ́lúlóòsì tí a ti rọ̀ di ọtí. Ní 2013 ni a sì rí bí CelA ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ́ńsáìmù bakitéríà kan tí a mú láti inú omi gbígbóná Kamchatka ní Rọ́ṣíà ni. Ẹ̀dá fúnra rẹ̀ ti so agékùn méjì pọ̀ sára rẹ̀, ó sì ń gbẹ́ ihò wọ inú sẹ́lúlóòsì lọ.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí a fi sọ́kàn. Okùn kan wà láàárín agékùn méjèèjì, tí ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ààyè láti yí padà. Ọwọ́ méjì tí a dì pinpin kò lè ro oko. Kì í ṣe ìsopọ̀ nìkan ni ọgbọ́n náà; ààyè tí a fi sílẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò tíì parí. Ní 2014 ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Emmetsburg, ní ìpínlẹ̀ Iowa, tí yóò máa sọ pòròpórò àti ṣùkù àgbàdo di ọtí tí ọkọ̀ ń lò. Ní 2019 wọ́n kéde pé àwọn yóò dá a dúró. Bí a kò bá sì lè lo pòròpórò, ọmọ àgbàdo tí ènìyàn ì bá jẹ ni a ó máa bù fún ọkọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ ń kọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ má ṣe rò pé Kamchatka nìkan ni olùkọ́ wà. Àwọn ikán tí ń mọ ọ̀gán nínú oko wa ń gbin olú sórí igi tí wọ́n ti rún, olú náà ni ó sì ń bá wọn sọ ọ́ di oúnjẹ. Ẹ lọ wo inú ọ̀gán.